Gìtá Tí Kò Mọ Ilé Tí Ó Wọ̀

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé wa lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lọ́kàn wa tí a kò lè ṣàì sọ jáde nísinsin yìí. Ọ̀rọ̀ gìtá ni. Láti ìgbà tí Túndé King àti àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ń kọrin jùjú ní ìlú Èkó ní ẹ̀wádún 1930, gìtá ti di ọmọ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1982, nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Juju Music jáde, gìtá wa ni ó bá a dé etí àwọn ará òkè òkun. Ohun tí ó ti di tiwa tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ̀sùn wa ni èyí: nígbà tí ó bá kan onígìtá láti dá sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sólò, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa a fi ìka lé ojú kan lọ́rùn gìtá, wọn a sì máa yí po níbẹ̀ títí orin yóò fi parí, bí àwọn tí ń gbè wọ́n lẹ́yìn tilẹ̀ ti ṣí kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè, wọn a ní, “Ohùn 5 ni àwọn baba wa fi ń kọrin, ìmọ̀ síkéèlì, ti òyìnbó ni.” Àwa wí gbangba pé irọ́ ni. Ìwà ọ̀lẹ ni a da aṣọ ìbílẹ̀ bò.

Kí ẹni tí kò ta gìtá rí má baà ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a là á yékéyéké. Síkéèlì ni àtẹ̀gùn ohùn tí ọ̀pọ̀ yín kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ: do, re, mi, fa, so, la, ti. Kíì ni ilé tí a kọ́ àtẹ̀gùn náà sí. Bí do bá bọ́ sí orí C, inú kíì C ni a wà. Kọ́ọ̀dù ni ohùn 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. C, E àti G ni ó di kọ́ọ̀dù C.

Ẹ wá wo kọ́ọ̀dù C yìí bí ẹ ti ń wo ọkùnrin kan. Nínú ilé tirẹ̀, baálé ni. Nínú ilé àwọn òbí ìyàwó rẹ̀, àna ni, ó sì ní láti dọ̀bálẹ̀. Nínú ilé bàbá ìyá rẹ̀, ọmọọmọ ni. Ọkùnrin kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwà tí ó yẹ ẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ọ̀dù C. Nínú kíì C, orí do ni ó dúró, òun ni baálé. Nínú kíì G, orí fa ni ó wà. Nínú kíì F, orí so ni. Ohùn 3 tí ó wà nínú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ohùn tí ó yẹ kí ó bá a rìn yí padà. Nínú ilé C, F lásán àti B lásán ni. Nínú ilé G, F gbọ́dọ̀ gòkè kí ó di F ṣáàpù. Nínú ilé F, B gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kí ó di B fílátì. Ẹni tí ó bá gbọ́ C, tí ó sì sáré ki síkéèlì C bọ̀ ọ́ láì bèèrè ilé ẹni tí ó wà, ó ń ṣe baálé nílé àna.

A kò kẹ́gàn ohùn 5. Olóògbé T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music tí ó jáde ní ọdún 1953. Nínú kíì C, C, D, E, G àti A ni wọ́n. Ohùn tí ó ṣeé gbára lé ni wọ́n, nítorí kò sí méjì nínú wọn tí ó sún mọ́ ara débi pé wọn yóò máa forí gbárí. Ṣùgbọ́n bí àwọn agbèrìn bá lọ sí kọ́ọ̀dù F, F kò sí nínú ohùn 5 náà. Bí wọ́n bá lọ sí kọ́ọ̀dù G, B, tí ó fi G hàn ní kedere, kò sí níbẹ̀. Onígìtá náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó burú jù ni pé bí orin bá gba kọ́ọ̀dù A7 kọjá lọ sí D máínọ̀, C ṣáàpù ni ó wà nínú A7. C lásán tí ọ̀dọ́ wa tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò wá dojú kọ C ṣáàpù, etí gbogbo ará òde yóò sì gún.

Wọ́n ní baba wa ni àwọn ń tẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: baba wo? Ẹni tí ó ń lu dùndún kì í lu ohùn tí ó bá ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ọkọ́, kò gbọdọ̀ sọ ọkọ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ ọkọ, kò gbọdọ̀ sọ ọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ní wákàtí náà ni ó ń sọ fún un bóyá dò, re tàbí mí ni kí ó lù. Ṣebí ìdí kan náà ni a fi bínú sí àwọn orin ìsìn àtijọ́, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há inú ohùn òyìnbó tí ìtumọ̀ wọn sì dàrú? Òfin àwọn baba wa ni pé kí ohùn tẹ̀lé ohun tí a ń sọ. Nínú orin gìtá, kọ́ọ̀dù ni ó ń sọ ohun tí a ń sọ. Nítorí náà ẹni tí ń fi ìtara wá ohùn tí ó bá kọ́ọ̀dù mu ni ó ń tẹ̀lé ìlànà onídùndún. Bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà.

A kò sì ní dá àwọn apá kejì láre, àwọn tí wọ́n ra ìwé láti òkèèrè, tí wọ́n sì há síkéèlì 20 sórí, tí wọ́n ń sáré gun àtẹ̀gùn náà lókè lódò bí ọmọdé tí ń ka a-b-d. Ẹni tí ó mọ a-b-d kò tíì mọ lẹ́tà kọ. Ọ̀nà tí ó tọ́ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Kí onígìtá kọ́kọ́ mọ ohùn tí ó wà nínú kọ́ọ̀dù gan-an, kí ó sì gúnlẹ̀ lé wọn níbi tí ìlù bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó fi àwọn ohùn ìyókù nínú kíì náà ṣe ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ilé bá yí padà, kí ó wá ohùn tí ó yí padà nìkan. Láti kíì C sí F, ohùn 1 péré ni: B di B fílátì. Láti C sí D, ohùn 2 ni: F àti C gòkè di ṣáàpù, ṣùgbọ́n D, E, G, A àti B dúró. Láti C sí E fílátì, ohùn 3 ni: E, A àti B rẹlẹ̀. Ní ti A7 tí a wí lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbé C gòkè di C ṣáàpù, kí ó jẹ́ kí ó bọ́ sórí D bí D máínọ̀ ti ń dé, lẹ́yìn náà kí ó dá C padà sí ipò rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ bí gìtá yóò ti máa sọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún wí pé ọgbọ́n òyìnbó ni èyí, kí ó ronú kan àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn ni wọ́n gbé ọgbọ́n yìí dé òpin. Nínú orin So What tí Miles Davis fi sínú àwo ní ọdún 1959, gbogbo ohùn a gbéra láti orí D bọ́ sórí E fílátì, irin kan ṣoṣo lọ́rùn gìtá; síbẹ̀ nínú ohùn 7 ti ilé àkọ́kọ́, F àti C nìkan ni ó kù nínú ilé kejì. John Coltrane ní tirẹ̀ mú ilé 3, B, G àti E fílátì, ó sì fi wọ́n ṣe orin Giant Steps tí ó jáde ní ọdún 1960, tí ilé ń yí padà kí ojú tó ṣẹ́. Ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Wọn kò fi àìmọ̀ ṣe ìgbéraga.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wá kù sí. Ẹ̀yin ni ẹ ń pe ẹgbẹ́ eléré wá sí òde, ẹ̀yin ni ẹ ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí. Ohun tí ẹ bá ná owó fún ni yóò gbilẹ̀. Bí ẹ bá ń ná an fún ariwo àti ìka yíyára, ariwo ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ bi onígìtá yín pé: inú ilé wo ni o wà? Ẹ jẹ́ kí ó fi gìtá dáhùn. Àti ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ àbójútó yín, ẹ jẹ́ kí a fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọ ní síkéèlì àti kọ́ọ̀dù. Ọmọ tí ó ti mọ dò, re, mí láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ ti bá wa rin ìdajì ọ̀nà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ti ń wọ́. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe.