Ẹni Tó Ṣe Ọkọ̀ Ló Ni Orúkọ, Ọjà Ló Ni Oríkì

Bí ọmọ bá dé ayé nílẹ̀ Yorùbá, àwọn òbí rẹ̀ a sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n oríkì tí a ó fi máa kí i títí di ọjọ́ alẹ́, ẹnu ìyá àgbà àti ẹnu ará àdúgbò ni í ti í wá, kò sì sí baba tó lè dìde kí ó ní òun fi òfin de ẹnu wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Nígbà tí Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ yìí, Yorùbá kò bi àwọn ará Jámánì tó rọ ọ́ léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìjàpá. Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó nínú Mercedes tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára kò sì kọ̀wé sí Stuttgart kí ó tó pè é ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Àwọn ọmọ ìwòyí náà kò jẹ́ kí àṣà náà kú. Honda Accord ti ọdún 2003 ń jẹ́ End of Discussion káàkiri Nàìjíríà, ti 2008 ń jẹ́ Evil Spirit, Toyota Camry kan sì wà tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ sí Big Daddy. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kí wọn, ṣùgbọ́n oríkì ni síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ohun tí ojú rí lára ọkọ̀ ni ẹnu ń wí.

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ rà lónìí ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀, orí fóònù ni yóò kọ́kọ́ wò, àwọn oríkì wọ̀nyí ni yóò sì tẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi ń pe ọkọ̀ náà nínú ìwé tirẹ̀. Ibi tí òwò dé nìyẹn, ẹni tó bá sì fi ojú àná wo òkú, ẹbọra a bọ́ ọ láṣọ. Ìbéèrè tó wá kù ni pé ta ló láṣẹ lórí ohun tí oníṣòwò ọkọ̀ ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé ẹni tó rọ ọkọ̀ nílẹ̀ Jèpáànù ni, àbí ẹni tó gbé e sílẹ̀ fún títà lẹ́bàá ọ̀nà Owódé?

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí fúnra wọn tipẹ́tipẹ́. Oníṣòwò tí wọ́n bá fi orúkọ wọn lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ yan àwọ̀ tó wù ú fún pátákó rẹ̀. Wọ́n á sọ irú lẹ́tà tí yóò fi kọ orúkọ, àlàfo tí yóò fi sílẹ̀ yí àmì wọn ká, àwòrán tí yóò lò àti èyí tí kò gbọdọ̀ lò, àní títí dé bóyá orúkọ ọkọ̀ lè wọ inú àdírẹ́sì ìtàkùn ayélujára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ a máa dá díẹ̀ padà nínú owó ìpolówó fún oníṣòwò tó bá tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí, a sì máa di owó náà mú lọ́wọ́ ẹni tó bá yà kúrò níbẹ̀. Ọgbọ́n owó ni, kì í ṣe pàṣán, ṣùgbọ́n ibi tí pàṣán ń mú ènìyàn dé náà ni ó ń mú un dé.

Kí a má purọ́ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ̀tọ́ wọn ni apá kan nínú rẹ̀. Orúkọ rere kì í ṣe ohun tí a ń ṣa lójú títì, òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1965 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ ló ni ín. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ tó wá lọ ya àmì Toyota gàgàrà sórí ojú-ìwé rẹ̀, tó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i ká tí òǹkàwé fi rò pé aṣojú ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ẹlòmíràn ló gbé lérí wọ agbo. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Àpò atẹ́gùn tí ilé-iṣẹ́ Takata ilẹ̀ Jèpáànù ṣe sínú ọkọ̀ onírúurú ilé-iṣẹ́, tó yẹ kó gba awakọ̀ lọ́wọ́ ikú nígbà ìjàǹbá, bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù lójú àwọn ènìyàn, tí àfọ́kù irin sì ń pa wọ́n. Ní Amẹ́ríkà nìkan, èyí tí wọ́n ní kí wọ́n yọ kúrò lé ní mílíọ̀nù 60. Aṣojú tòótọ́ ló ní ọ̀nà láti pààrọ̀ nǹkan náà lára ọkọ̀ tí wọn kò tíì tún ṣe. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kàn yá àmì lò yóò gbẹ́kẹ̀ lé ààbò tí kò sí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì jókòó síwájú ọkọ̀ náà lọ sí ilé-ìwé. Nítorí náà, níbi tí òfin ilé-iṣẹ́ bá ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ òun ṣe aṣọ bora, kí gbogbo ènìyàn gbè é.

Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ parí sí ló yẹ kí òfin náà parí sí. Ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, iye rẹ̀, ọ̀nà tó gbà wọ ìlú, ibi tó ti fara gbá, èdè tí a ó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún olùrà, ẹni tó ń tà á ló ni gbogbo ìwọ̀nyẹn, nítorí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìlànà bá wá ní kí ojú-ìwé gbogbo oníṣòwò jọ ara wọn bí ìbejì, kí àwòrán ọkọ̀ dídán kan náà tí wọ́n yà lókè òkun wà lórí gbogbo wọn, kí wọ́n sì máa kọ «ẹ pè wá» síbi tó yẹ kí iye owó wà, olùrà kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá sì ti fi ìbòjú kan náà bo ojú gbogbo àwọn oníṣòwò, níbo ni ọ̀rọ̀ yóò gbà wá?

Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ mìíràn ti rí èyí. Ní ọdún 2002, Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìlànà 1400/2002 jáde lórí títa ọkọ̀, èyí tó fún oníṣòwò láyè láti ta ọkọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ kan lọ, tí kò sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ dí i lọ́wọ́ kí ó má polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà pàápàá kò sùn: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kọ̀ fún ẹni tó ṣe ọjà láti pàṣẹ iye tó kéré jù tí alátùntà lè tà á, ó ní kí iye ọjà hàn sí ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì ní kí àkíyèsí tó ṣe kedere wà lórí ọjà àlòkù. Kò sí ohun tí ojú-ìwé olùtà tòkunbọ̀ nílò ju kí a tẹ̀lé òfin mẹ́ta wọ̀nyí.

Ní agbègbè Yewa, níbi tí Ìlaròó àti Ayétòrò wà, ọ̀ràn náà tún le ju ti Èkó lọ, nítorí ẹnubodè. Ọdún gbọọrọ ni ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ní Kútọnu fi ń gba Ìdírókò, Ọjà-Ọ̀dàn àti Ìmẹ̀kọ wọlé, àwọn kan pẹ̀lú ìwé, àwọn mìíràn nínú òkùnkùn biribiri. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dè é pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 wọ́n tún ti ẹnubodè pa, ó sì di ọdún 2022 kí Ìdírókò tó ṣí. Fàyàwọ́ kò tìtorí ìyẹn tán. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó kó owó àjọ rẹ̀ jọ ra ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí àwọn aṣọ́bodè sì dá a dúró lójú ọ̀nà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí wọ́n bi í léèrè ìwé owó ibodè, tí ìwé tó nà sí wọn kò sì bá nọ́ńbà ara ṣáṣì mu. Ọkọ̀ a di ti ìjọba, owó a di ti ẹni tó ti lọ. Kò sí òfin ilé-iṣẹ́ kankan ní Jèpáànù tàbí ní Jámánì tó ronú kan tíṣà yìí. Àwọ̀ pátákó ni wọ́n ń bójú tó.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké, ni àwọn àgbà wí, ẹni tó bá sì ti rí àwọn tó ń yí agogo máìlì padà sẹ́yìn mọ̀ pé wọn kò purọ́. Síbẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ti fi ohun kan kún ọjà tí ayé àtijọ́ kò ní: ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà fi nọ́ńbà ṣáṣì, tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá ìtàn ọkọ̀ láti ilẹ̀ tó ti wá, kí ó sì mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ ti ní kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe. Oníṣòwò tó bá kọ nọ́ńbà yìí síta kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Jiji, tó ra Cars45 ní ọdún 2021, àti Autochek ti mọ agbára àyẹ̀wò ọkọ̀. Bí àwọn ará Ìlaròó kò bá kọ ojú-ìwé tiwọn, abẹ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí ni wọn yóò máa tà, wọn kò sì ní í ní orúkọ kankan láéláé.

Àpẹẹrẹ ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀ kò sì jìnnà. Olóyè Michael Ade-Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, so orúkọ aya rẹ̀ Elizabeth mọ́ Adé tirẹ̀, ó sì fi Elizade bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọdún 1971. Nígbà tí Toyota Nigeria wá dé ní 1996 lábẹ́ àkóso rẹ̀, orúkọ Elizade kò pa rẹ́. Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ẹni tó ṣe ọkọ̀ àti ti ẹni tó tà á, kò sì sí èyí tó fi èkejì bora.

Ohun tó yẹ kí ó wà lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ kan ní Owódé kò pọ̀, èdè Yorùbá sì tó o kọ: «Camry ọdún 2005 ni, ẹni tó pè é ní Big Daddy kò ṣì í pè. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni, èbúté Tin Can ló gbà wọlé, ìwé aṣọ́bodè rẹ̀ nìyí, nọ́ńbà ṣáṣì rẹ̀ nìyí. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan rí. A kì í ṣe aṣojú Toyota. Iye tí a ń tà á nìyí.» Kò sí ọ̀kan nínú gbólóhùn wọ̀nyí tó jí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà; ẹni tó ń kà á ní Ayétòrò yóò sì ti mọ̀, kí ó tó san owó mọ́tò, bóyá ìrìn-àjò náà yẹ ní rínrìn.