Herbert Macaulay: Ẹnjiníà tí Òṣèlú Bò Mọ́lẹ̀

Owó wẹ́wẹ́ náírà kan tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 1991 kò ra nǹkan kan mọ́ ní Adéwọlé, Ìlọrin níbí. Ẹ gbé e lọ bá ìyá ẹlẹ́pà, ẹ̀rín ni yóò fi yín rín. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó jù ú nù. Bàbá onírunmú gígùn tó wà lára rẹ̀, Herbert Macaulay ni. Olóṣèlú ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ tí bàbá náà kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ nínú ìtàn tí à ń sọ fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kí òṣèlú rẹ̀ ta òyìnbó lára.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ni ìyá rẹ̀; bàbá rẹ̀ ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ọmọ-ọmọ bíṣọ́ọ̀bù yìí kò gbé Bíbélì, iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ló bá lọ lọ́dún 1881. Nígbà tó di 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Bellamy, súfeyọ̀ àti ẹnjiníà omi ìlú náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yẹn sọ́kàn. Ó padà dé lọ́dún 1893, òun sì ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà títì, afárá àti ilé.

Súfeyọ̀ ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n fi í ṣe. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìlọrin mọ àwọn oníṣẹ́ yìí: wọ́n á gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á wá ri òpó kọnkéré kékeré onínọ́ńbà mọ́ igun ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, nọ́ńbà ara òpó yẹn ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí Macaulay mọ ẹni tó ni ibi tó ni ní Èkó, kó sì mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ onílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Lọ́dún 1898 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú òṣìṣẹ́ dúdú kò tẹ́ ẹ lọ́rùn; àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà sì ń fẹ̀sùn kàn án pé ó ń fi ipò rẹ̀ wá àǹfààní. Bó ṣe di súfeyọ̀ aládàáni nìyẹn, tó ń ya pláànù ilé fún àwọn ọlọ́lá Èkó.

Ọdún 1908 ni reluwé láti Èkó dé Ìlọrin wa yìí. Ọdún yẹn kan náà ni Macaulay tú àṣírí bí àwọn òyìnbó ṣe ń ná owó reluwé náà ní ìnákúnàá. Ẹnikẹ́ni ló lè dúró sí ìta kó máa pariwo olè. Ẹni tó mọ iye tó yẹ kí iṣẹ́ jẹ ló ṣòro fún ìjọba láti pa lẹ́nu mọ́.

Ibi kan wà tí mi ò ti lè bá a dé ìparí ọ̀nà. Ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wọ Èkó, wọ́n ní kí ará ìlú máa san owó omi. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrisadipẹ Ọbasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún 1908 láti kọ̀ ọ́, Macaulay náà sì fi gbogbo ẹnu rẹ̀ bá owó náà jà. Wọ́n ní òyìnbó ni omi ẹ̀rọ wà fún, kànga tó ará Èkó. Ọmọ iṣẹ́ ẹnjiníà omi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Àwa tí à ń dúró de mẹ́rúwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí àìsí omi ẹ̀rọ ń ná èèyàn. Àmọ́ ìbéèrè tó wà nídìí ìjà náà kò tíì kú: ta ni yóò san án, ta ni wọ́n sì bi kí wọ́n tó dá owó lé e?

Ti ilẹ̀ Àpápá ló gbayì jù lójú mi. Lọ́dún 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa níbẹ̀. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé London. Macaulay bá a lọ lọ́dún 1920 pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Eléko, ìyẹn Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó. Ilé ẹjọ́ Privy Council dájọ́ lọ́dún 1921 pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba, ti gbogbo ìdílé ni, olóyè kàn ń ṣe alámòójútó rẹ̀ ni. £22,500 ni ìjọba san. Wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ Eléko: wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925, ọdún 1931 ló tó padà sílé.

Macaulay kì í ṣe ẹni mímọ́. Ó ṣẹ̀wọ̀n lọ́dún 1913 lórí owó ogún tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó tún ṣẹ̀wọ̀n lọ́dún 1928. Ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1923 ń wọlé ìbò l'Ékòó, àmọ́ ẹ̀wọ̀n tó ṣe kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè du ipò. Nígbà tó di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ṣì bá Nnamdi Azikiwe àti ẹgbẹ́ NCNC rìnrìn-àjò káàkiri Nàìjíríà láti tako ìwé òfin ìlú tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Kánò ni àìsàn ti dá a dúbúlẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú lọ́jọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1946. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

Ẹnjiníà kò wọ́n wa lónìí, ọdọọdún ni Yunifásítì Ìlọrin ń kọ́ wọn jáde. Ohùn wọn la ò gbọ́. Agbaṣẹ́ṣe á da ọ̀dà sójú títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, a ó máa bú gómìnà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó lè fi rúlà wọn bí ọ̀dà náà ṣe nípọn tó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú wa. Ilé alájà ń yọ níwájú wọn, bíríkìlà ló ń pinnu iye irin tó wọ òpó.

Ẹ̀yin ẹnjiníà Ìlọrin, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ títì tàbí gọ́tà jáde, ẹ jáde sórí rédíò, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún wa iye tó yẹ kí kìlómítà kan jẹ àti bó ṣe yẹ kí ọ̀dà rẹ̀ nípọn tó. Kí ẹ sì ṣe é kí owó tó jáde.