Ẹ̀yin oníṣòwò Òkè-Ògùn, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà yín dání?

Oníṣòwò Òkè-Ògùn kì í jókòó sójú kan. Ẹni tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn lónìí, ó lè jẹ́ pé Èkó ló máa sùn lọ́la, níbi tó ti fẹ́ gba owó ọjà. Ẹni tó ń kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ jọ ní Ṣakí, ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò jìnnà sí i, Ìbàdàn náà sì ń pè é. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde àti orúkọ àwọn tó gba àwìn, ilé ló wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ máa ti ọ̀nà jíjìn wo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi fóònù wo kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ohun tó dáa ni, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló ń kọ mí lóminú.

Bí ẹ bá pe àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ohun tó máa yá kíá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ṣe. Wọ́n á wọnú router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé yín, wọ́n á ṣí ihò kan síbẹ̀, kí ẹni tó wà níta lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tààrà. Fún Windows, ihò náà ní nọ́ńbà, 3389 ni, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé olè kan ló máa jókòó síbì kan tí á máa wá orúkọ yín kiri o. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń kan ilẹ̀kùn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì bìkítà bóyá ti báńkì ni àbí ti aláṣọ òfì. Tó bá ti bá 123456 pàdé gẹ́gẹ́ bíi pásíwọ́ọ̀dù, ó ti wọlé nìyẹn. Àwọn tó rán an á fi àgádágodo ti gbogbo àkọsílẹ̀ yín, wọ́n á ní kí ẹ wá sanwó kí àwọn tó ṣí i. Lọ́dún 2019, àléébù kan tí wọ́n rí lójú ọ̀nà yìí le débi pé Microsoft padà ṣe àtúnṣe fún Windows XP tí wọ́n ti pa tì tipẹ́. Windows 10 náà, òpin dé bá ìtọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dé Làìbéríà. Lọ́dún 2016, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Daniel Kaye gbowó iṣẹ́ pé kó da íntánẹ́ẹ̀tì Lonestar, ilé iṣẹ́ fóònù kan níbẹ̀, rú. Kámẹ́rà ìṣọ́ àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló kó jọ bí ọmọ ogun, tí gbogbo wọn ya lu Lonestar lẹ́ẹ̀kan náà. Mirai ni wọ́n ń pe ohun èlò tó lò. Ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ kò yí pásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà ni Mirai máa ń wá kiri. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ nílùú London rán Kaye lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ ti àdúgbò tiwa tún ní ìṣòro mìíràn nínú. Dátà fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù sì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, bí ayálégbé tó ń lo ẹnu ọ̀nà kan náà. Ihò tí wọ́n lù sí router kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, AnyDesk tàbí TeamViewer ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀. Àwọn yẹn kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi TeamViewer ṣòwò gbọ́dọ̀ sanwó, ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣe fún ọjà títà. Ìbéèrè tèmi ni pé, orúkọ ta ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà? Níbi púpọ̀, ímeèlì ọ̀gbẹ́ni tó wá ṣe é ni, pásíwọ́ọ̀dù sì wà lórí fóònù rẹ̀. Bí ìjà bá dé ńkọ́? Bí wọ́n bá jí fóònù rẹ̀ ńkọ́? Kò sí alájà tó máa fún bíríkìlà ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí lọ títí ayé torí pé òun ló kọ́ ọ.

Ohun tí mo fara mọ́ ni VPN, ìyẹn ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ tiyín nìkan lè rìn. WireGuard wà, ọ̀fẹ́ ni. Tailscale, tí wọ́n kọ́ lé WireGuard lórí, rọrùn jù fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kò sì gba pé kí ẹ lu ihò kankan, torí pé inú ilé ló ti ń na ọwọ́ síta. Nítorí náà, àdírẹ́sì àjọlò kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fọwọ́ sí nìkan ló lè wọlé. Bí fóònù kan bá sọnù, ẹ lè yọ ọ́ kúrò láti orí òmíràn. Ṣùgbọ́n ímeèlì tí ẹ fi ṣí i gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín, kó sì ní ìdánimọ̀ ìgbésẹ̀ méjì.

Iná ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tó kú kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣeé ṣètò pé kó tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹni tó ní sólà, láńtóòpù ni kó lò. Ẹni tó jẹ́ pé iye ọjà nìkan ló fẹ́ máa wò, kò tilẹ̀ nílò gbogbo wàhálà yìí, kó kọ ọ́ sórí Google Sheets, kó sinmi.

Òfin pàápàá ti wọ̀ ọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kan orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Bí wọ́n bá jí i lọ, tó sì lè kó bá àwọn tó ni ín, ó yẹ kí ẹ sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàárín wákàtí 72.

Ẹ máa da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fláàṣì tí ẹ máa yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ fún ọ̀gbẹ́ni náà, ẹ fúnra yín yí pásíwọ́ọ̀dù router àti ti kámẹ́rà padà, ẹ wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, ẹ sì ní kó yọ fóònù tirẹ̀ kúrò níbẹ̀ lójú yín.