Lẹ́tà Ẹ̀yìn Gálọ́ọ̀nù Ni Kí Ẹ Kà

Àríyànjiyàn tí kì í tán nílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀, láti ọjà Ladipo ní Èkó títí dé ọgbà mẹkáníìkì tó kéré jù létí ìlú, ni pé èwo ló yẹ kí ènìyàn máa dà sínú ẹ́ńjìnì: ọ́ìlì ilé-iṣẹ́ ńlá tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kárí ayé ni, àbí èyí tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ? Èmi gbà tọkàntọkàn pé orúkọ kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Èròjà tó ń dènà ìpata àti ìjẹra irin, tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì, kì í ṣe ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ti ń jáde. Lubrizol, Infineum, Afton àti Oronite ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tolówó ńlá tolówó kékeré ló sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì wà nínú lẹ́tà méjì tí ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní API, fi ṣe àmì: SA kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí a ṣe lẹ́yìn 1930, SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ èyí tí a ṣe lẹ́yìn 1988, SP tó dé ní 2020 sì ń sin ẹ́ńjìnì ìgbà náà àti ògbólógbòó. Ẹni tó bá ń da SF sínú Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2010, nítorí pé orúkọ ara gálọ́ọ̀nù náà gbajúmọ̀, ìyà ló fi ń jẹ ọkọ̀ rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tó ra SN ojúlówó, tó dé lẹ́yìn SF, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò lókìkí, tí nọ́ńbà bí ọ́ìlì náà ṣe ki tó, bí 5W-30, sì bá ìwé ọkọ̀ mu, kò ṣìnà rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Ògún Lákáayé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni jù nìyí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Orúkọ ńlá gan-an ni ayédèrú ń fẹ́, torí kò sí ọ̀daràn tí yóò jókòó máa ṣe ayédèrú ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́mù, tó dúdú bí ọ̀dà, tí agbára inú rẹ̀ ti kú tán, ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń tún ṣe títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù òfìfo ilé-iṣẹ́ tó lókìkí, kí wọ́n sì dé e padà. Ẹ sì wo bí gálọ́ọ̀nù náà ṣe ń dé ọwọ́ wọn: bí mẹkáníìkì bá ti da ọ́ìlì tán, ọmọ iṣẹ́ á rọra gbé òfìfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí, títí ẹni tó ń rà á kiri yóò fi kọjá.

Nítorí náà, ẹ yẹ ẹnu gálọ́ọ̀nù wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ọwọ́ kankan kò tíì kan èdìdì rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti dà á tán, ẹ gba òfìfo náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ lu ìdí rẹ̀ jálẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í ta òun lọ́rẹ.