Orí Fífọ́ Abiyamọ Kì Í Ṣe Ohun Àfiṣeré

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí a ti ń bímọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, aya àbúrò mi bímọ ní Kàbà. A sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, a jẹ, a mu. Ní ọjọ́ kejì ìkómọ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àwọn kan ní àìsùn ni, àwọn kan ní ibà ni. Ilé ìtọ́jú kan gún un ní abẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èmi pàápàá tí ó yẹ kí n gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní kí ó lọ sinmi. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹfà, ó ń bì, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n bíi ti oníwárápá. Ni àwọn kan bá tún ní ọwọ́ ayé ni.

A gbé e lọ sí Ìlọrin. Wọ́n fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán orí rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà kan tí ó béèrè pé, “Ìyá ọmọ, ó ti tó ọjọ́ mélòó tí ẹ bímọ?” Bí ó ti gbọ́ èsì, ó ní àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI wò ó. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú orí rẹ̀.

Kí ni èyí? Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú lọ sí ọpọlọ gbọ́dọ̀ padà. Abẹ́ agbárí ni àwọn ojú ọ̀nà ńlá tí ó ń gbà padà wà. Ẹ fi wọ́n wé gọ́tà iwájú ilé. Bí iyanrìn bá dí gọ́tà, tí òjò kò sì dáwọ́ dúró, inú ilé ni omi yóò wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń wú, tí iṣan kéékèèké sì ń bẹ́.

Obìnrin ni àrùn yìí ń ṣe jù, ó tó mẹ́ta sí ọkùnrin kan. Aboyún, abiyamọ tí kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti ẹni tí ń lo hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni kí ó fura jù. Àìmu omi tó àti etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú lè fà á pẹ̀lú.

Ní 1825, nígbà tí Ribes, oníṣègùn ará Faransé, kọ̀wé nípa àrùn yìí, ara òkú ni ó ti rí i. Lónìí, alààyè ni MRI ń wò. Òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ni ó ń lò, kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn àti èyí tí ó dì kò sì jọra nínú àwòrán rẹ̀. Paul Lauterbur ará Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ará Ìlú Ọba gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003 nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Kí ẹni tí irin bá wà lára rẹ̀ sọ fún dókítà kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Bí a bá tètè rí i, oògùn wà. Ní 1991, àwọn oníṣègùn ní Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 20. Nínú àwọn 10 tí wọ́n fún ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹnì kan kò kú, 8 sì gbádùn pátápátá. Nínú 10 tí wọn kò fún, 3 ló kú.

Nínú ìwádìí tí Dókítà Godwin Ogbole ti UCH Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, MRI 84 péré ni wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí ìjọba fi kún un, kí ó sì mú un sún mọ́ àwọn ìlú bíi tiwa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àìsí ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó fẹ́ pa aya àbúrò mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí dókítà yẹn béèrè, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì: bí orí abiyamọ bá ń fọ́ tí kò lọ, tàbí tí ó ń bì, tí kò ríran dáadáa, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, kí ẹ sì béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ dídì nínú orí. Bí MRI kò bá sí nítòsí, CT tí wọ́n gún oògùn sí iṣan kí wọ́n tó yà lè fi í hàn.

Ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Ìyá rẹ̀ ni ó ń mú un lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà tí a fi ṣòfò ni ó mú ìyókù lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.