NÍBO NI ÀBÚRÒ RẸ WÀ?

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 4:1-10

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí wúwo lọ́kàn mi, nítorí èmi gan-an ni Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́kọ́ fi bá wí.

Nígbà tí Olúwa fún mi ní àǹfààní láti lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n mú wa dé ibi ìrántí tí à ń pè ní Yad Vashem. Inú Aísáyà 56:5 ni wọ́n ti mú orúkọ náà, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí orúkọ tí kò ní parẹ́. Àwọn Júù tí ìjọba Hitler ní ilẹ̀ Jámánì pa kí ogun tó parí ní 1945 ni wọ́n ń rántí níbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ènìyàn. Nínú wọn, bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ jẹ́ ọmọdé. A wọ yàrá ìrántí àwọn ọmọ náà. Òkùnkùn ni gbogbo ibẹ̀, àfi iná àbẹ́là tí dígí sọ di púpọ̀ bí ìràwọ̀. Ohùn kan ń pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí wọn, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti wá.

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ará Jámánì lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi. Ṣebí ọ̀pọ̀ wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Báwo ni wọ́n ṣe rí i tí a ń kó aládùúgbò wọn lọ, tí wọ́n sì dákẹ́?

Nígbà tí mo padà délé, mo bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ sí Àgbádárìgì. A dé ilé tí Sẹ̀ríkí Williams Abass ń kó ẹrú sí. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí. Wọ́n ti ta òun náà sí oko ẹrú ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé, ó di olówò ẹrú. Ará, òyìnbó ni ó ni ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ó so okùn mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́rùn?

Ẹ rántí Àjàyí Crowther, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì tí a ń kà. Ọmọ Òṣóògùn ni, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, kò jìnnà sí Ìbàràpá wa. Ó tó bí ọmọ ọdún 13 nígbà tí ogun kó o ní 1821. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá òun padà. Nígbà tó yá, wọ́n fi òun gba tábà àti ọtí. Ní òru, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já pokùn so. Ní 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. A mọ orúkọ Àjàyí. Àwọn tí kò padà ńkọ́? Ta ni ń pe orúkọ tiwọn?

Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti bi mí pé, “Ìwọ náà ńkọ́?” Mo rántí ọmọbìnrin kan. Opó ni ìyá rẹ̀. Ó mú un tọ̀ mí wá ní Igbó-Ọrà pé kí n bá òun wá ilé onígbàgbọ́ tí yóò ti máa kàwé. Ọmọ ọdún 11 ni. Mo fi í lé arábìnrin kan lọ́wọ́, tí ó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Arábìnrin náà gbé àpò ìrẹsì kan wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbàdúrà lé e lórí, a sì jẹ ẹ́. Odindi ọdún méjì, n kò béèrè ọmọ náà. Ọjọ́ tí ó sá padà dé, àpá iná wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ nìkan ni mo tilẹ̀ mọ̀, ní Igbó-Ọrà tí ìbejì kún ojúlé!

Wọ́n fi Àjàyí gba tábà. Èmi gba ìrẹsì.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ láti tọrọ ìdáríjì. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Pásítọ̀ wa, ṣé ẹ ò rántí rẹ̀ ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ ta ni ó ń jí ṣáájú gbogbo ilé yín, tí ó sì ń jẹun kẹ́yìn? Kí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́? Ṣé ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Òfin ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ṣùgbọ́n ìbéèrè Ọlọ́run ti wà láti ọjọ́ Kéènì. Bí ọmọ kan bá ti ọwọ́ rẹ lọ sí Èkó, sí Ìbàdàn tàbí sí òkè òkun, má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá kí o tó béèrè rẹ̀. Bí ìyà bá ń jẹ ẹ́, lọ mú un wálé.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì mí fún ọmọ tí mo gbàgbé. Là mí lójú kí n rí i, kí o sì fún mi ní ìgboyà láti lọ mú un padà, ní orúkọ Jésù. Àmín.