Awẹ́ Obì Mélòó Ni Tíṣà Kọ́ Ọmọ Yín?

Ọ̀rọ̀ ewéko ni mo gbé wá lónìí, nítorí ohun tí mo kà nínú ìwé ọmọ kan tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n ní ewéko olódòdó pín sí ọ̀nà méjì: aláwẹ́ kan àti aláwẹ́ méjì. Òótọ́ ni dé àyè kan. Ẹ gbin àgbàdo, ewé kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ẹ gbin ẹ̀wà, yóò là sí méjì. Ọ̀pẹ, iṣu, àlùbọ́sà àti ataare wà lẹ́gbẹ́ àgbàdo. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Ray, fi ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1682.

Ṣùgbọ́n ẹ mú obì àbàtà, kí ẹ là á. Awẹ́ mẹ́rin ni ẹ sábà máa bá níbẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́ta, márùn-ún tàbí mẹ́fà. Awẹ́ tí à ń dà sílẹ̀ níwájú Ọ̀rúnmìlà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kà. Kí ni kí ọmọ náà wá kọ nígbà ìdánwò? Ìwé ní ọ̀kan tàbí méjì, obì ọwọ́ rẹ̀ ní mẹ́rin.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ kò mọ̀. Wọn kì í fi awẹ́ nìkan ṣe ìpín. Wọ́n á wo iṣan ewé obì tó ta bí àwọ̀n, wọ́n á wo òdòdó rẹ̀ tó pín sí márùn-ún, wọ́n á ní àárín àwọn aláwẹ́ méjì ló wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Palisot de Beauvois, ará Faransé tó dé Wárì àti Ìbíní ní nǹkan bí ọdún 1786, ló kọ àbàtà sínú ìwé wọn. Acuminata ló sọ ọ́, nítorí ṣóńṣó orí ewé rẹ̀. Gbàǹja di nitida, èyí tó ń dán. Kò sí awẹ́ nínú orúkọ méjèèjì. Àwa ni a ka awẹ́ sí: àbàtà ni obì Ifá, awẹ́ mẹ́rin, akọ méjì, abo méjì. Gbàǹja aláwẹ́ méjì wà fún àlejò àti fún ọjà. Ìpín ewéko nìyẹn náà.

Orógbó ni Gẹ̀ẹ́sì ti ṣì í. Bitter kola ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé àbúrò obì ni. Àwa kò pè é ní obì rí, ẹbí mìíràn ló sì ti wá lóòótọ́. (Ká má fọ́nnu jù ṣá o: àwa náà fi ata sínú orúkọ ataare, bẹ́ẹ̀ kò bá ata rodo tan rárá.) Ìbátan obì gan-an ni kòkó, ilá, òwú, ìsápá àti ewédú. Láti 1998, tí wọ́n ti fi àyẹ̀wò DNA tún ìpín ṣe, agboolé kan náà ni wọ́n kó gbogbo wọn sí.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀bẹ gé gbàǹja sí mẹ́rin, tó ń dà á. Ọ̀bẹ wo ló lè dá akọ àti abo? Ó ní àbàtà wọ́n lọ́jà. Kò parọ́: gbàǹja ni àwọn Hausa ń rà, òun ló ń pawó, òun ni àgbẹ̀ ń gbìn. Bí àbàtà bá tán lóko, kí la óò fi bọ Ifá?

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbin àbàtà síbẹ̀, kí ẹ pe babaláwo àti àwọn ìyá eléwé ọmọ wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ orúkọ Látìn wọn. Orúkọ tí Ìdó ń pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ti Ìkọ̀lé, ewé tí a bá sì ṣì já lè pa aláìsàn.

Ẹni tó bá ní igi àbàtà àtijọ́ lóko baba rẹ̀, kó jọ̀wọ́ má tíì gé e. Àwa yóò ra èso rẹ̀.